Johannes Miquel: lọ́yà tó kọ lẹ́tà sí Karl Marx, tó wá di méyọ̀ Frankfurt. Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni?

Àjàní Ìtàn

Johannes Miquel ni mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá. 1828 ni wọ́n bí i ní Neuenhaus, ìlú kékeré kan nítòsí ààlà Netherlands. Iṣẹ́ lọ́yà ló kọ́. Ní nǹkan bí 1850, ó ń kọ lẹ́tà sí Karl Marx, ó sì wà nínú Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, òun ni mínísítà ètò ìnáwó fún ọba Prussia, ìjọba tó tóbi jù ní ilẹ̀ Jámánì. Nígbà tó di 1897, ọba sọ ọ́ di ọlọ́lá, ó ń jẹ́ "von Miquel".

Ọ̀dàlẹ̀ ni mo pè é. Ẹni tí kò bá gbà, kó sọ ohun tó fi ipò méyọ̀ ṣe fún mẹ̀kúnnù. Ẹ má kàn sọ fún mi pé ọlọ́gbọ́n ni. Ọlọ́gbọ́n pọ̀ nínú àwọn ọ̀dàlẹ̀.

---

Lọ́yà Àtijọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ mú òpin, ẹ sì fo gbogbo àárín. Àárín yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ó kàwé òfin ní Heidelberg àti Göttingen, ó sì jókòó sí Göttingen gẹ́gẹ́ bí lọ́yà. Ní 1859, òun àti Rudolf von Bennigsen wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Orílẹ̀-Èdè sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ Jámánì di ọ̀kan lábẹ́ Prussia. Ní 1864 ó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Hanover. Ní 1865 ó di méyọ̀ Osnabrück, ìlú kan ní ìjọba Hanover. Ọdún kan péré lẹ́yìn ìyẹn, Prussia gbé ìjọba Hanover mì, Osnabrück sì bá a lọ. Nítorí náà, ìyípadà tí ẹ ń wí kì í ṣe ti 1890 rárá. Kó tó di 1859 ló ti fi ọ̀nà Marx sílẹ̀, nígbà tí kò tíì ní ipò kankan tí ẹnikẹ́ni lè fi rà á.

Ohun kejì tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni iṣẹ́ òfin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé òfin ìjọba Jámánì tuntun, apá kan lásán nínú òfin ìbágbépọ̀ ni wọ́n fi sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀: ọ̀rọ̀ gbèsè, ọ̀rọ̀ òwò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ogún àti ìgbéyàwó kù sí ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kú ní ìlú kan, tó ní ilé sí ìlú kejì, ẹjọ́ ogún rẹ̀ lè gba inú òfin méjì tó ta kora. Miquel àti Eduard Lasker, aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ń gbé àbá kan náà lọ síwájú ilé aṣòfin léraléra títí wọ́n fi gbà á ní oṣù Kejìlá 1873, tí gbogbo òfin ìbágbépọ̀ wá bọ́ sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀. Òfin náà ṣì ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì di òní. Láìsí i, kò sí ibi tí ìwé òfin ìbágbépọ̀ ńlá ti Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900 ì bá ti dúró.

---

Ìyá Alákọsílẹ̀

Lọ́yà, ẹ fo ibì kan náà. Láti 1870 sí 1873, ọ̀kan lára àwọn olùdarí Disconto-Gesellschaft ni, báǹkì ńlá tí Adolph von Hansemann ń darí ní Berlin. Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ bí ẹni ń dín àkàrà, tí wọ́n ń ta ìpín rẹ̀ fún ará ìlú, kí gbogbo rẹ̀ tó wó lulẹ̀ ní 1873. Lasker tí ẹ dárúkọ un ló dìde nílé aṣòfin lọ́dún náà, tó tú àṣírí àwọn tó ń fi ìwé àṣẹ ojú irin ṣe màgòmágó. Miquel kúrò nípò olùdarí ní 1873, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó báǹkì náà títí di 1876.

N kò sọ pé ó jalè. Ohun tí mo ń sọ ni pé báǹkì ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yáwó ńlá, ẹ̀kọ́ yẹn ló sì gbé wọ Frankfurt. Ẹni tó bá kọ ìtàn rẹ̀ láìkọ báǹkì, kò lè ṣàlàyé bó ṣe rí owó kọ́ èbúté Frankfurt.

---

Lọ́yà Àtijọ́

Mo gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí èèyàn ṣe ń di méyọ̀ Frankfurt nígbà yẹn, nítorí àwọn kan rò pé ará ìlú ló ń dìbò yàn án tààrà.

Òmìnira ni ìlú Frankfurt wà títí di 1866 tí Prussia fi gbà á. Òfin ìlú tí wọ́n ṣe fún un ní 1867 fi ilé méjì lélẹ̀: ìgbìmọ̀ aṣojú tí ará ìlú dìbò yàn, àti ìgbìmọ̀ alákòóso tí méyọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀. Bí àyè méyọ̀ bá ṣófo, àwọn aṣojú á mú orúkọ èèyàn mẹ́ta, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọba, ọba á mú ọ̀kan, ẹni náà á sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlá. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ ìlú. Iṣẹ́ oṣù ni, bí wọ́n ṣe ń gba dókítà tàbí ẹnjiníà. Lọ́yà ni wọ́n sì sábà máa ń gbà, torí pé ìwé àdéhùn àti àṣẹ ìjọba ló kún tábìlì náà láti àárọ̀ dalẹ́.

Mumm von Schwarzenstein ló kọ́kọ́ ṣe é láti 1868. Nígbà tí ọdún méjìlá tirẹ̀ pé, Miquel tó ti padà sí Osnabrück láti 1876 ni wọ́n mú ní 1880.

Ẹni tó lè dìbò fún àwọn aṣojú yẹn ń kọ́? Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó 1,200 máàkì, owó Jámánì nígbà náà. Alágbàṣe púpọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìlú tó gba Miquel síṣẹ́, ìlú àwọn oníṣòwò ni, kì í ṣe ìlú mẹ̀kúnnù.

---

Atúkọ̀ Main

Odò Main, tó gba Frankfurt kọjá lọ wọ odò Rhine, ni kí á fi dá a lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé odò náà kò jìn. Nígbà ọ̀dá, ọkọ̀ ẹrù láti odò Rhine kò lè gòkè dé Frankfurt, ojú irin sì ti gba gbogbo ẹrù. Ní 1883, Prussia bá Bavaria, Baden àti Hesse ṣe àdéhùn, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì parí ní 1886. Ìjọba Prussia tún odò ṣe, ìlú Frankfurt kọ́ èbúté tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Westhafen, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá 1886.

Ìdènà omi márùn-ún ni wọ́n kọ́ láàárín Frankfurt àti ibi tí Main ti ń wọ Rhine. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí púpọ̀ nínú wa rò pé odi òkúta ni. Rárá. Férémù irin ni wọ́n tò sí ìsàlẹ̀ odò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdè lẹ́sẹ̀ tó fi lè dùbúlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé wọn nàró, wọ́n á tẹ́ pákó ọ̀nà lé wọn lórí. Àwọn òṣìṣẹ́ á dúró lórí pákó yìí, wọ́n á máa fi ọwọ́ ki igi gígùn bọ omi lọ́kọ̀ọ̀kan: ìdí igi á tẹ ìsàlẹ̀ odò, orí rẹ̀ á fara ti irin. Tí igi bá ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn láti etí odò dé etí kejì, omi á ga lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbẹ́ ìdènà ni yàrá omi tí ọkọ̀ ń gbà gòkè sọ̀kalẹ̀ wà.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè yọ igi mẹ́wàá nígbà tí omi bá pọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Ìṣòro rẹ̀ méjì. Omi ń yọ́ gba àárín igi àti igi kọjá, bó ti wù kí wọ́n tò ó tó. Èyí tó burú jù ni yìnyín. Bí òtútù bá mú tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í dì, gbogbo igi gbọ́dọ̀ jáde, gbogbo férémù gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀, kí yìnyín tó fọ́ irin. Tí wọ́n bá sì dùbúlẹ̀, odò á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ ẹrù ò ní rọ́nà lọ títí òtútù á fi kásẹ̀.

Èbúté láìsí ojú irin kò wúlò, nítorí náà wọ́n fa ojú irin dé etí omi, wọ́n sì kọ́ ilé ìpamọ́ ọkà síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ 1888, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ojú irin ńlá tó rọ́pò àwọn ibùdó kéékèèké mẹ́ta ìwọ̀-oòrùn ìlú. Kò sí èyí tó tóbi tó o ní gbogbo Yúróòpù títí Leipzig fi kọ́ tirẹ̀ ní 1915. Ìjọba ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú títì tuntun tó yí i ká, ìlú ló là á.

---

Àjàní Ìtàn

Èbúté fún oníṣòwò, ilé ìpamọ́ fún alágbàtà. Mẹ̀kúnnù ni mo béèrè.

---

Ìyá Alákọsílẹ̀

Ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Niederrad, létí odò Main lẹ́gbẹ̀ẹ́ Frankfurt, nígbà náà. Omi ẹ̀gbin ìlú ti ń ṣàn lọ sínú Main tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá ti wá fi ìdènà mú kí odò rọra máa lọ, ẹ̀gbin á jókòó, á máa rùn, àwọn ìlú tó wà nísàlẹ̀ á sì pariwo. Iṣẹ́ odò gan-an ló fipá mú wọn tọ́jú omi ẹ̀gbin. Ẹnjiníà William Heerlein Lindley ló kọ́ ilé tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ẹ̀gbin sí Niederrad tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1887, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Yúróòpù tí ẹ bá yọ ti Gẹ̀ẹ́sì kúrò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi asẹ́ irin mú ẹ̀gbin ńlá, omi á kọjá ibi tí iyanrìn ti ń rì sísàlẹ̀, wọ́n á wá da kẹ́míkà àti ẹfun sí i kí ohun wẹ́wẹ́ lè dì mọ́ra kó sì rì sísàlẹ̀ nínú adágún tí omi ti ń rọra lọ. Ohun tó dà wọ́n láàmú lẹ́yìn náà ni ẹrọ̀fọ̀ tó kù nísàlẹ̀, ó ń pọ̀ ju iye tí àgbẹ̀ lè kó lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé náà wà níbẹ̀. Ní 1886, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ètò ọ̀rọ̀ ajé, Verein für Socialpolitik, tẹ ìwádìí ńlá jáde lórí àìrílégbé àwọn tálákà nínú àwọn ìlú Jámánì, Miquel sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Ohun tó ń béèrè fún ni òfin tí yóò de onílé: kí ẹni tó bá kó èèyàn púpọ̀ jù sínú yàrá jíjẹrà rí ìjìyà bí ẹni tó ta oúnjẹ bíbàjẹ́. Kò rí òfin náà gbà. Ní 1890, ọdún tó kúrò ní Frankfurt lọ di mínísítà, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Frankfurt láti máa kọ́ ilé kéékèèké fún òṣìṣẹ́.

Ó kéré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má sọ pé òfo ni.

---

Oníṣirò

Gbogbo yín ń yí i ká. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dàlẹ̀ ni, owó orí ni kí ẹ wò. Òfin ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà 1891 ni, èyí tó ṣe nígbà tó ti di mínísítà ètò ìnáwó.

Àṣìṣe kan tí mo máa ń rí: wọ́n ní Miquel ló yọ ẹni tí kò tó 900 máàkì lọ́dún kúrò nínú owó orí. Kì í ṣe òun. 1883 ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Ohun tó ṣe ni pé ó yí bí wọ́n ṣe ń mọ iye tó ń wọlé fún èèyàn padà. Tẹ́lẹ̀, ìgbìmọ̀ kan á jókòó, wọ́n á wo ilé rẹ, wọ́n á wo ẹṣin rẹ, wọ́n á fojú díwọ̀n rẹ, kò sì sí ẹni tó lè fipá mú ọ sọ òótọ́. Olówó tó mọ àwọn ará ìgbìmọ̀ ń san bíńtín.

Lábẹ́ òfin tuntun, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá ju 3,000 máàkì lọ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní oṣù Kìíní. Orísun mẹ́rin ni yóò to: èlé orí owó, ilẹ̀ àti ilé, òwò, iṣẹ́ oṣù tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Yóò yọ èlé gbèsè kúrò, yóò yọ owó ìbánigbófò ẹ̀mí kúrò títí dé 600 máàkì. Bí kò bá kọ ọ́ lásìkò, kò ní lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dún náà. Bí wọ́n bá tún rán an létí tó tún dákẹ́, wọ́n á fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó orí rẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo iye rẹ̀. Ẹni tó ní láàárín 900 àti 1,050 ń san 6 máàkì, kò tó 1%. Láàárín 3,000 àti 3,300, 60 máàkì. Láàárín 9,500 àti 10,500, 300. Tó bá fi máa di 100,000, ó ti dé 4%. Àwọn ilé-iṣẹ́ onípìn-ín náà ń san, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ yọ 3.5% owó ìdókòwò wọn kúrò nínú èrè.

Ibi tí mo fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n Àjàní wò nìyí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju 3,000 lọ ń yọ 50 máàkì lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ mú alágbàṣe tó ń gba 1,000 máàkì lọ́dún. Bí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, ó ku 950, yóò san 6 máàkì. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ó ku 900 géérégé, kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ṣàìsàn tàbí tó jẹ gbèsè láìṣe ẹ̀bi rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò ju 9,500 lọ, wọ́n lè fà á sílẹ̀ ní ìpele títí dé mẹ́ta. Lọ́yà tó ti jókòó gbọ́ ẹjọ́ gbèsè àwọn èèyàn kéékèèké rí ló ń ro irú nǹkan báyìí.

---

Àjàní Ìtàn

Èyí gún régé, mi ò jiyàn rẹ̀. Àmọ́ 4% fún ẹni tó ní 100,000? Ṣé ìyẹn náà ni ẹrù olówó?

---

Oníṣirò

Lójú tòní, ó fúyẹ́. Lójú ìgbà náà, 3% ni òkè rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ lórí iye tí wọ́n fojú díwọ̀n. Owó tí ìjọba rí gbà lọ sókè kíákíá, torí iye tí àwọn èèyàn fọwọ́ ara wọn kọ ju ohun tí ìgbìmọ̀ ti ń fojú wò tẹ́lẹ̀ lọ jìnnà.

---

Ìyá Alákọsílẹ̀

Oníṣirò, ẹ ka iwájú, ẹ má dúró sí 1891. Òfin mẹ́ta tó jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 1893 ni ẹ fò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin 1895. Ìkíní fi owó orí kékeré lé ohun ìní: ẹni tí ohun ìní rẹ̀ ju 6,000 máàkì lọ ń san ìdajì máàkì lórí ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n èkejì àti ìkẹta ní kí ìjọba Prussia jáwọ́ nínú owó ilẹ̀, owó ilé àti owó òwò, kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa gba wọ́n fún ara rẹ̀.

Méyọ̀ ló ronú èyí, ó sì hàn. Ó ti rí i ní Frankfurt pé ìlú ló ń la títì, ìlú ló ń fa páìpù, ilé àti ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá wọn ló sì ń gbówó lórí. Nítorí náà kí onílé san án fún ìlú. Nínú ìlú, ó mọ́gbọ́n dání.

Ṣùgbọ́n ní ìlà-oòrùn odò Elbe, ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá ńlá kò sí lábẹ́ ìlú kankan. Ilẹ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ni àgbègbè ìṣàkóso, ọlọ́lá náà ni aláṣẹ ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba jáwọ́ nínú owó ilẹ̀, ta ló kù tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Òun fúnra rẹ̀! Owó ilẹ̀ tó ti ń san fún ọba tẹ́lẹ̀, ó dúró sí àpò rẹ̀. Ẹni tó sì jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ owó orí wò ní abúlé ni Landrat, ìyẹn aṣojú ọba ní àgbègbè náà, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ ìdílé onílẹ̀ ńlá kan náà. Ìwé ìṣirò oníṣòwò Frankfurt, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò láwẹ́láwẹ́. Èrè oko onílẹ̀ ńlá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibẹ̀ yẹn ni kí Àjàní ti wá ọ̀dàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe nínú lẹ́tà 1850.

---

Lọ́yà Àtijọ́

Ó tún ku ohun kan tí kò sí ẹni tó rò ó tẹ́lẹ̀ dáadáa: ìbò. Ìbò ilé aṣòfin Prussia, owó orí ni wọ́n fi ń pín in. Wọ́n á ro gbogbo owó orí àgbègbè pọ̀, wọ́n á pín in sí mẹ́ta ọgbọọgba, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó san jù. Àwọn tó san ìdá kìíní ni ẹgbẹ́ kìíní, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń yan iye aṣojú kan náà. Ká ní 3,000 máàkì ni gbogbo rẹ̀, tí ọlọ́rọ̀ kan sì dá 1,000 san: òun nìkan ni ẹgbẹ́ kìíní, ohùn rẹ̀ sì tó ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn nísàlẹ̀. Ẹnu ni wọ́n sì fi ń dìbò náà, ní gbangba, ọ̀gá ń gbọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń sọ.

Ẹ wá fi owó orí Miquel sí i. Bí olówó bá ṣe ń san púpọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ kìíní ń kéré sí i. Òfin tó mú olówó sanwó náà ló tún fún un ní agbára ìbò. Wọ́n rí i, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀: wọ́n ní kí wọ́n ka 3 máàkì sí ọrùn ẹni tí kò san owó orí ìjọba, bí ẹni pé ó san án, kí wọ́n sì máa pín ìdá mẹ́ta náà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nípa bẹ́ẹ̀, aláṣọ kékeré kan ní àdúgbò tálákà lè bọ́ sí ẹgbẹ́ kìíní, nígbà tí dókítà ní àdúgbò olówó wà nínú ẹgbẹ́ kẹta. Ẹ̀ka tí wọ́n lẹ̀ kò tún igi náà ṣe. Ètò ìbò yìí dúró títí di 1918.

---

Àjàní Ìtàn

Ó dáa. Mo yọ "ọ̀dàlẹ̀" kúrò lórí ọdún mẹ́wàá Frankfurt, mo sì yọ ọ́ kúrò lórí 1891. Lórí 1893, mo fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Alákọsílẹ̀ ló dá mi lóhùn jù.

---

Atúkọ̀ Main

Kí ẹ tó ti ìwé náà, ẹ fi bó ṣe kúrò nípò kún un. Ọba fẹ́ gbẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ láti Rhine dé Elbe. Ní 1899, àwọn onílẹ̀ ńlá ìlà-oòrùn yìí náà dìbò tako àbá òfin rẹ̀ nílé aṣòfin, torí ọkà olówó pọ́ọ́kú láti òkèèrè yóò gba ojú omi wọ ọjà wọn. Wọ́n tún gbé e wá ní 1901, kò tún lọ, ìjọba sì kó o kúrò nílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún. Oṣù yẹn náà ni Miquel fi ipò sílẹ̀. Ó padà sí Frankfurt, ó sì kú síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà.

Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n fi tún Main ṣe nígbà tó jẹ́ méyọ̀. Odò àfọwọ́gbẹ́ yẹn, òfin 1905 gbà kó dé Hanover nìkan. 1938 ló tó kan Elbe.